Kí Àlùmọ́gàjí Tó Kan Òwú: Ṣé Ká Fọ Aṣọ Ká Tó Gé E?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti ẹ̀rọ nílé láti rán ti ara yín. Kàbbà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọṣẹ́ mi kì í yé bi mí tí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì: "Màmá, ṣé ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni, àbí ká máa gé e lọ?" Bí ó bá jẹ́ aṣọ òwú, tí ẹni tó ni ín yóò sì máa fọ̀ ọ́ nílé, èmi á ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn fi omi tọ́ ọ wò. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ gan-an bí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ yóò ṣe máa fọ̀ ọ́. Bí omi gbígbóná àti oòrùn líle ni aṣọ náà yóò máa rí lọ́wọ́ olówó rẹ̀, kí ó ti rí omi gbígbóná àti oòrùn líle lọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá ní wọ omi láéláé, a kì í fọ̀ ọ́. Irú wọn wà, mo máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú aṣọ òwú súnkì, ìyẹn kó dín kù, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni máa pàṣẹ fún un. Nígbà tí wọ́n ń hun aṣọ ní ilé iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n fa òwú le dan-in-dan-in lórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe hun ún tán, wọ́n tún fà á gba inú aró, wọ́n fà á gba inú sítáàṣì, wọ́n fà á gba abẹ́ irin gbígbóná tó ń lọ̀ ọ́. Kò rí ibi sinmi. Bí wọ́n ṣe nà án náà ló gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ká a tà fún wa. Ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ dáadáa, òwú á mu omi, á wú, gbogbo nínà tí wọ́n nà án á tú, aṣọ á sì padà sí bí ó ṣe yẹ kó rí látilẹ̀. Gígùn ni ẹ̀rọ fà jù, nítorí náà gígùn ló sábà máa ń dín kù jù. Ìdí nìyẹn tí gáùn fi máa ń kúrú sókè nígbà tí àyà rẹ̀ ṣì gba ẹni tó ni ín.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Òwú tí wọ́n hun mọ́ra dáadáa lè dín ní 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n hun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹ bá gbé e sókè tí ẹ ń rí oòrùn láàrin òwú rẹ̀, lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má fojú kékeré wo 5 yẹn. Ẹ mú ṣòkòtò ọkùnrin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 42. Tí 5 nínú ọgọ́rùn-ún bá lọ níbẹ̀, íǹṣì 2 ti lọ nìyẹn. Ṣòkòtò tó bo bàtà lọ́jọ́ tí ó wá gbà á á wá dúró lókè ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ bá fọ̀ ọ́. Ta ni yóò bú? Kò ní bú ẹni tó ta aṣọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ rán an ni.

Kì í sì í ṣe kíkúrú nìkan. Ohun tó ń dùn mí jù ni ti láínìn, aṣọ tí a fi ń tẹ́ inú aṣọ. Obìnrin kan gbé gáùn àńkárá kan wá bá mi kí n tún un ṣe. Ibòmíràn ni wọ́n ti rán an. Iṣẹ́ náà mọ́, ojú rírán rẹ̀ tọ́, ṣíìpù rẹ̀ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láínìn ti yọ jáde nísàlẹ̀ bí abẹ́ṣọ tó gùn ju aṣọ lọ. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi ìka tọ ojú rírán láti abíyá wá sí ìbàdí: láínìn ti ká jọ wìnnìwìnnì níbi gbogbo tí wọ́n ti rán an pọ̀ mọ́ àńkárá. Pọ́lísítà ni láínìn, omi kò ṣe é ní nǹkan kan. Òwú ni àńkárá, ó ti fà sókè. Ọrùn náà ti ń wú ní ibi tí gọ́ọ̀mù sítéè, aṣọ líle tí à ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú ọrùn, wà, nítorí aṣọ tó wà lórí gọ́ọ̀mù ti dín, gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò dín. Mo tú ìsàlẹ̀ láínìn, mo gé e, mo ṣẹ́ ẹ. Ti ọrùn kò ṣe é tún ṣe láìtú gbogbo rẹ̀. Omi ọpọ́n kan kí wọ́n tó gé e ni ì bá gba aṣọ yẹn là.

Nítorí náà, ohun gbogbo tó máa wọ inú aṣọ kan náà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹ fọ òwú. Bí láínìn bá jẹ́ òwú, ẹ fọ òun náà. Gọ́ọ̀mù sítéè, ẹ rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má fún un, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì kó gbẹ fúnra rẹ̀. Òwú ìránṣọ tí à ń lò báyìí, pọ́lísítà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í dín. Tí aṣọ bá dín tí òwú ìránṣọ kò dín, ojú rírán á máa ká jọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè nà án.

Tí ẹ kò bá dá aṣọ kan mọ̀, ẹ dán an wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí odindi rẹ̀. Ẹ gé íǹṣì 10 níbùú, íǹṣì 10 lóròó, láti òpin aṣọ. Ẹ fi bíírò fa ọfà kékeré sí i kí ẹ lè mọ apá ibi tí gígùn wà. Ẹ bu omi gbígbóná sínú abọ́ funfun, ẹ fi ọṣẹ sí i, ẹ rẹ ẹ́ bí ìdajì wákàtí. Abọ́ funfun yẹn ṣe pàtàkì, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ ti máa rí bóyá aró ń jáde. Ẹ ṣàn án, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tí apá ọfà bá ti di íǹṣì 9½, á jẹ́ pé nínú íǹṣì 20 kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 1 máa lọ. Mo máa ń fi pín-ìn-nì kan án mọ́ ojú ewé tí mo kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Tí ó bá ní òun kò fẹ́ kí n fọ aṣọ òun, màá ṣí ìwé, màá fi hàn án. Ojú rẹ̀ máa ń là ju kí n rojọ́ títí.

Ó dáa, ọ̀nà tí à ń gbà fọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyí. Kó tó kan omi rárá, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn láti etí dé etí, kí ẹ wo ihò, ibi tí òwú ti já, ibi tí aró kò mú. Ẹ fi òwú funfun rán ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè rántí. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa gba aṣọ tí omi ti kàn padà. Tí àléébù bá wà, ìgbà gbígbẹ ni ẹ ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ rán ojú ibi tí wọ́n ti gé e ní òpin méjèèjì, rírán lásán ti tó. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òwú á máa tú, á wé mọ́ra, aṣọ tí ẹ tìtorí àtidáàbò bò ó fọ̀ ọ́ á wá tú dànù níbi etí.

Ẹ má ṣe rún un sínú ọpọ́n. Ẹ ká a ní ìká gbọọrọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tó jinlẹ̀, ibi tó bá ti rún pọ̀ nínú omi lè ṣí, yóò sì máa fi ìlà funfun hàn títí láé. Ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ má fi ohun tó ń mú aṣọ funfun sí aláwọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú omi fún bí ìdajì wákàtí kí omi lè wọ inú òwú délẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán.

Omi wa níbí ń kọ́? Àwọn kànga àti bọ́ọ̀hóòlù kan wà tí omi wọn ní ìpẹtà nínú. Ẹ máa rí i: tí ẹ bá pọn ọ́n sínú garawa funfun di ọjọ́ kejì, nǹkan pupa á silẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ aṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni máa fi ṣe ìyàwó o. Nígbà òjò, mo máa ń gbé ọpọ́n sábẹ́ páànù, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ òrùlé mọ́ díẹ̀. Omi òjò dára fún òwú, ọṣẹ máa ń hó nínú rẹ̀, kì í sì í fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ẹ má fún un. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni mo máa ń bá àwọn ọmọṣẹ́ jà lé lórí jù. Tí ẹni méjì bá di aṣọ mú ní òpin méjèèjì tí wọ́n ń lọ́ ọ, wọ́n ń yí òwú kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ omi jáde, kí ẹ sá a sórí okùn tó gbóòrò, kí ó má wọ́ sísàlẹ̀ ní ibì kan ju ibòmíràn lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Tí kì í bá ṣe aṣọ tí olówó rẹ̀ yóò máa sá sí oòrùn gangan, ẹ wá òjìji fún un. Lásìkò ọyẹ́, inú ilé ni èmi ń sá a sí pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí díẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ kíákíá, erùpẹ̀ pupa ojú títì kò sì ní bà lé e.

Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, tí ẹ fọwọ́ kàn án tó ṣì tutù fẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù. Ẹ ká a sí méjì, kí etí pàdé etí. Tí òpin méjèèjì kò bá dọ́gba, aṣọ ti wọ́ nìyẹn, bóyá láti ilé iṣẹ́. Ẹ di igun kan mú, kí ẹlòmíràn di igun òdìkejì tó kọjú sí i mú, kí ẹ fà á ní ìdábùú. Ẹ ó rí i pé òwú ń padà sójú ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, ní gígùn rẹ̀. Ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kí ẹ sì máa gbé e kúrò. Tí ẹ bá ń wọ́ ọ ní ìdábùú, ẹ tún ti bà á jẹ́. Gáùn tí wọ́n gé láti ara aṣọ tí òwú rẹ̀ wọ́, kò sí bí ìwọ̀n ṣe tọ́ tó, yóò máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Kakí, jíǹsì àti òwú tó nípọn, ẹ fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Dídín wọn kì í sábà tán nínú omi àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó lẹ ń rán aṣọ fún, ẹ rántí pé ẹ̀rọ gbígbóná ni wọ́n fi ń gbẹ aṣọ níbẹ̀, ó sì ń mú òwú dín ju okùn ìsáṣọ wa lọ. Omi tó gbóná dáadáa, lẹ́ẹ̀mejì, ni kí ẹ fi pàdé rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó rán bùbá àti ṣòkòtò sí ọmọ rẹ̀ tọkàntọkàn, tí ọmọ náà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní ti àwọ̀: pupa, dúdú àti aró jíjinlẹ̀ ni kí ẹ máa fura sí, pàápàá àńkárá olówó pọ́ọ́kú. Ẹ fọ̀ ọ́ lóun nìkan. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí omi á fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da iyọ̀ sí i, wọ́n gbàgbọ́ pé ó ń di aró mú. Nígbà tí wọ́n ń fi aró ìgbàlódé kan pa aṣọ láró ni iyọ̀ wúlò, ó ń ran aró lọ́wọ́ láti wọ inú òwú. Tí aṣọ bá ti kúrò lọ́wọ́ aláró, iyọ̀ inú ọpọ́n yín kò lè dá èyí tó ti fẹ́ jáde dúró. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ tí omi kò mọ́, ẹ má rán an pọ̀ mọ́ funfun. Ẹ sọ fún olówó rẹ̀ kó mú àwọ̀ mìíràn fún kọ́là.

Wàyí o, èyí tí a kì í fọ̀. Gíní tó ń dán, tó ń dún wàràwàrà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn: dídán àti líle yẹn ni ó tìtorí rẹ̀ san owó. Ìfọṣọ ilé lè mú un lọ, kì í sì í rọrùn láti dá a padà. Mo máa ń gé e bẹ́ẹ̀, màá fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, màá sì sọ fún un pé kó gbé e fún alágbàfọ̀ tó mọ gíní. Aṣọ òkè fún gèlè, ẹ má rì í. Aṣọ tí wọ́n fi òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀ sí lára, ẹ fi í sílẹ̀. Pọ́lísítà kì í dín nínú omi ilé wa, kò sí ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀. Pópílìn aṣọ ilé ìwé tó jẹ́ òwú àti pọ́lísítà pọ̀ kì í dín púpọ̀. Ti àwọn ọmọ, mo máa ń ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì nísàlẹ̀, wọ́n ṣáà ń ga sí i.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbi aṣọ àwọn ìyá wa. Ní ilẹ̀ Bùnú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, àwọn obìnrin gbin òwú, wọ́n ran án, wọ́n sì hun ún lórí òfì ìdúró. Aṣọ ipò pupa tí wọ́n ń gbé jáde fún òkú ẹni ńlá, tí àwọn eégún sì ń wọ̀, inú àpótí ìdílé ló máa ń wà. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá pé kí n fi ṣe nǹkan, n kò ní í fọ̀ ọ́, n kò sì ní í fi àlùmọ́gàjí kàn án. Pupa rẹ̀ lè tú sára òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àdánù yẹn kì í ṣe ohun tí owó lè rà padà. Ṣùgbọ́n aṣọ òwú tuntun tí wọ́n fọwọ́ hun, tí ẹ fẹ́ fi rán bùbá tàbí jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó máa wọ̀, ẹ rẹ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó gé e. Ó sábà máa ń dín ju ti ẹ̀rọ lọ. Tí ó bá ti gbẹ, á ki pọ̀ mọ́ra, á rọ̀ lọ́wọ́, kò sì ní máa tú nídìí bí ẹ ṣe ń gé e.

Àkókò ni ọ̀tá wa jù, pàápàá aṣọ ẹbí. Ìyá kan láti ìlú Ìyàrà gbé àńkárá wá ní Ọjọ́bọ̀, òkú sì máa wọlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ayẹyẹ ní Sátidé.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ni ìwọ fẹ́ fọ̀ ọ́ kó gbẹ?"

Mo ní, "Màmá, mi ò ní fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi omi lọ̀ ọ́ fún yín, màá sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tó bá kúrú, ẹ gbé e padà wá, mi ò ní gbowó."

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wọ́n omi sí i kó tutù dọ́gba, mo sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láti òpin kan dé èkejì. Mo jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó ká a kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ìfọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú dídín yẹn á ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó gé e. Íǹṣì 2 ni mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, íǹṣì 1 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún wà nípa aṣọ ẹbí: tí ìyá àti ọmọ bá mú irú aṣọ kan náà wá, ẹ fọ ti àwọn méjèèjì tàbí kí ẹ má fọ ìkankan. Àwọ̀ èyí tó ti rí omi lè yàtọ̀ sí ti èkejì, fọ́tò á sì fi í hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bùbá àti ìró láti ara aṣọ kan.

Tí ẹ bá ń lọ rajà, ẹ ra kún un. Yáàdì 6 jẹ́ íǹṣì 216. Tí ó bá dín ní 3 nínú ọgọ́rùn-ún, íǹṣì 6 àti ààbọ̀ ti lọ; tí ó bá jẹ́ 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 11. Ìdajì yáàdì tí ẹ bá fi kún un á bo gbogbo rẹ̀. Àwọn aṣọ kan wà tí ilé iṣẹ́ ti fi ẹ̀rọ fún jọ kí wọ́n tó tà wọ́n, ọ̀nà tí Sanford Cluett, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní nǹkan bí 1930. Tí ẹ bá rí Sanforized lára etí aṣọ tàbí ìdì rẹ̀, ohun tó kù tó lè dín kì í sábà ju 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò wọ́pọ̀ nínú èyí tí à ń rà lọ́jà wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rán fún owó, ẹ fi owó omi, ọṣẹ àti àkókò sínú iye tí ẹ ń pè, kí ẹ sì sọ ọ́ kí oníbàárà tó san àsansílẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ tí ẹ máa dá fún un. Lórí pẹpẹ, ẹ ya èyí tó ti rí omi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tíì rí i. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a máa ń fi òwú funfun kọ́ etí aṣọ tí a ti fọ̀. Ọmọṣẹ́ tí kò bá rí òwú yẹn létí aṣọ òwú gbọ́dọ̀ bi mí kó tó gbé àlùmọ́gàjí.